Wọ́n Ta Ìkíni Sátidé

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kìíní

Wọ́n ti tà wá. Inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, níwájú iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Whitby, lẹ́bàá Toronto ní Kánádà, kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti pè mí. Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ láti máa fi họ́kì orí yìnyín ọjọ́ Sátidé hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ti ta apá “èdè mìíràn” fún ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Èdè mìíràn! Àwa nìyẹn: àwọn Púńjábì, àwọn Potogí, àti èmi pẹ̀lú Uncle Gàfárù tá a ti ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ họ́kì fún ọdún mẹ́fà báyìí.

Mo pe Uncle. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ta àga tí mo ń jókòó lé pẹ̀lú ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Sínóò ń já láti àárọ̀.

Sátidé, 17 Oṣù Kìíní

Toronto na Ottawa. Ẹni tó bá rí Uncle ní stúdíò kò ní gbà pé wọ́n ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ti fi ìgbà kan ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá ní Ìbàdàn. Nísinsìnyí wọ́n ń darí àwọn awakọ̀ tírélà ní Woodbridge, wọ́n sì ń dúró de Sátidé. Bí réfírì bá lé ẹnì kan kúrò lórí yìnyín fún ìṣẹ́jú méjì, Uncle á pariwo pé, “Ó lọ kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè!” Gbogbo ẹni tó bá ṣe iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé ni orúnkún rẹ̀ á rántí.

Lẹ́yìn ìdá kìíní eré, tí wọ́n bá ń tún yìnyín ṣe, ìkíni wa ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo ṣì rántí ti èṣí: ẹ bá wa kí Dádì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ẹ bá wa kí ìyá ìkòkó ní Brampton. Ẹ bá wa kí ọkọ mi tó wà níṣẹ́ alẹ́. Ó dá mi lójú pé ìdajì àwọn tó ń wò wá ò mọ ìgbà tí góòlù ń wọlé. Orúkọ ni wọ́n ń dúró gbọ́.

Màmá Bowmanville ló máa ń kọ́kọ́ pè mí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọn kì í bẹ̀bẹ̀ kí a kí wọn, àṣẹ ni wọ́n ń pa. Uncle máa ń fi wọ́n ṣe ìkẹyìn: “Màmá Bowmanville, ìyá Gbóyèga, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé.” Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ báyìí, àwọn á pa tẹlifíṣọ̀n, àwọn á lọ sùn. Wọn ò mọ ẹni tó ń borí rárá.

Ajé, 26 Oṣù Kìíní

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì wọn ní àárín ìlú, lókè téńté ilé gíga kan. Ará Òkè ni mo ń pè wọ́n láti òní lọ. Ẹni tó gbà wá lálejò ni Dayọ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá apá èdè mìíràn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Uncle, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba kóòtù mi. Bí inú mi ṣe rọ̀ nìyẹn. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ wa ni, kò ní jẹ́ kí ìyà jẹ wá. Mo jókòó bí ìyá ìyàwó.

Ó ní, “Auntie, Uncle, nothing is changing o. It’s just the first intermission. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, we’ve sold it.”

Mo ní, “Ẹ tà á fún ta?”

“A betting partner. They love the Yoruba numbers, Auntie. Very loyal audience.”

“Ìkíni wa lo tà fún àwọn oní-tẹ́tẹ́?”

“Not the greetings per se. It’s the time.”

Mo wò ó. Mo ní, “Dayọ̀, ṣé o kí wa nígbà tá a wọlé?”

“Ah-ah, I did now, Auntie.”

“Èló lo gbà?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe. A dìde, a wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀kalẹ̀. Níbẹ̀ ni Uncle ti ní, “Tẹ́tẹ́, Lọlá. Èmi Gàfárù, kí n jókòó kí wọ́n máa ta tẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.” Ibi tí mo gbé mọ́tò sí gba dọ́là méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Olè ni gbogbo wọn, látòkè délẹ̀.

Sátidé, 31 Oṣù Kìíní

Eré àkọ́kọ́ lábẹ́ àwọn Ará Òkè. Wọ́n ti yọ wá kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́, orí áàpù la wà báyìí, èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa san owó lóṣooṣù. Nígbà tí àkókò ìkíni tó, wọ́n pa máíkì wa, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ṣúgà sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n tẹ ibi pupa kí wọ́n lè jẹ owó ńlá.

Màmá Bowmanville pè mí kí n tó délé. “Ìbílọlá, ìgbà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀ ń kí mi. Gbóyèga wá sanwó tán, ẹ ò kí mi mọ́. Kí ni mo ṣe fún yín?”

Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní àwọn ò bínú, ṣùgbọ́n oorun ò wá.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì

Òtútù burúkú. Bátìrì mọ́tò kú níwájú iléèwé. Mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ẹsẹ̀ ló dùn mí.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejì

Họ́kì wà ní ìsinmi nítorí Òlíḿpíìkì. Gbóyèga pè láàárọ̀, ó ní ìyá òun ò jí. Màmá Bowmanville ti lọ. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Sátidé, 21 Oṣù Kejì

A sin Màmá lónìí. Ilẹ̀ le bí irin. Uncle wá pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, wọ́n dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjókòó.

Ní gbọ̀ngàn ìjọ, Gbóyèga sún mọ́ wọn. Ọkùnrin ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní Bowmanville ni, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Uncle, ẹ jọ̀ọ́, tí họ́kì bá padà, ẹ bá wa dárúkọ wọn lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n á fẹ́ ẹ.”

Uncle ní, “Èmi fúnra mi ni màá ṣe é.”

Mo jáde lọ pe Dayọ̀ láti ibi tí a gbé mọ́tò sí. Ó ní, “Auntie, so sorry for your loss. But there’s no slot. Maybe we can do a post online?”

Mo ní, “Dayọ̀, òkú ni mò ń bá ọ sọ. Òkú!”

“I hear you, Auntie. I really do.”

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Sátidé, 28 Oṣù Kejì

Uncle mú ìlérí wọn ṣẹ. Nínú ìdá kejì, wọ́n lé ọmọ Toronto kan jáde. “Ó lọ kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè! Kó tó dìde, ẹ jẹ́ kí n kí ìdílé Màmá Bowmanville. Gbóyèga, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ní dàrú...” Ibi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà lọ́wọ́ ni góòlù wọlé. Èmi náà ti di ojú mi, mo ń ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó pe góòlù náà nínú àwa méjèèjì!

Kí n tó bọ́ bàtà, Dayọ̀ ti pè. Àwọn Ará Òkè ń bínú: wọ́n ní báwo ni góòlù ṣe máa wọlé tí a ò ní mẹ́nu kàn án? Mo ní kí wọ́n bi ẹni tó ń ṣọ́ góòlù.

Gbóyèga náà pè. Ẹkún ló sun, ó kàn ń sọ pé, “Ẹ ṣé, ẹ ṣé.”

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Ìròyìn ayọ̀! Àwọn èèyàn ti fi ẹ̀sùn àìrí ìkíni dààmú àwọn Ará Òkè. Dayọ̀ ní ìkíni máa padà ní Sátidé yìí, àwọn oní-tẹ́tẹ́ ló máa gbé e kalẹ̀. Ó ní kí a má ṣe wàhálà láti múra, gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. “I fought for you, Auntie.”

Mo gbàdúrà fún un lórí fóònù. Mo ní Ọlọ́run á gbé e ga. Mo pe gbogbo ayé pé kí wọ́n wò wá. Gbóyèga ni mo kọ́kọ́ pè.

Sátidé, 7 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Uncle ti fi dàbínù àti omi ṣínu ní stúdíò. Ìdá kìíní parí, mo ti la ẹnu láti kí àwọn èèyàn. Wọ́n pa máíkì wa. Àmì ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ yọ lójú ẹ̀rọ, ohùn Uncle sì tẹ̀ lé e. Uncle wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu wọn pa dé, ohùn wọn sì ń jáde nínú ẹ̀rọ. Ìkíni èṣí ni wọ́n lọ gbé jáde. Dádì oníṣẹ́ abẹ ojú, ìyá ìkòkó tí ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, mi ò sì lè dá a dúró. Mo ń lu gíláàsì, ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ na ọwọ́ méjèèjì sí mi pé kò sí lọ́wọ́ òun.

“Màmá Bowmanville, ìyá Gbóyèga, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé.”

Ohùn ṣúgà tẹ̀ lé e, kí wọ́n tẹ ibi pupa.

Uncle yọ ẹ̀rọ kúrò létí wọn. Wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi nìkan ni mo sọ̀rọ̀ eré náà parí, mi ò sì mọ ohun tí mo sọ.

Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Gbóyèga dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Kò pariwo. Ó ní, “Auntie, ẹ̀yin lẹ ní ká wò ó. Mo kó àwọn ọmọ jókòó.” Ó ní ọmọ òun kékeré bi òun pé, “Daddy, is Grandma back?”

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi, ṣùgbọ́n kò gbà. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní ìjọ pé Uncle gba owó tẹ́tẹ́ ni, pé Mùsùlùmí wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ààwẹ̀. Mo bá ẹni tó sọ ọ́ jà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́lájí ọkọ mi fà mí wọ mọ́tò.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹta

Dayọ̀ pè. Ó ní, “Auntie, please calm down. It’s archival content. People love tradition.”

“O jí ẹnu Uncle gbé, o fi í kí òkú pé ẹ̀mí rẹ̀ á gùn, ò ń pè é ní tradition?”

“Nobody meant anything. I’ll take her name off the tape. It’s just one name.”

“Wá sí Bowmanville. Wá bẹ Gbóyèga fúnra rẹ.”

“We’ll send flowers.”

Òdòdó! Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọ iléèwé mi dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ń wò mí. Mi ò bìkítà. Fídíò náà ṣì máa jáde ní Sátidé, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa yọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

Uncle ní kí n gbé àwọn lọ sí Bowmanville. Wọn ò sọ fún mi ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá tí gbé wọn lọ.

Gbóyèga ṣílẹ̀kùn. Uncle ò dúró kí ó ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí iyọ̀ àti omi sínóò níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí. Gbóyèga lọgun, “Uncle, rárá! Ẹ má ṣe mí báyìí!” Ó fò mọ́ wọn kí àyà wọn tó kan ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n di ara wọn mú. Uncle ní, “Ohùn mi ni. Mi ò rán an, ṣùgbọ́n ohùn mi ni.”

Ìyàwó Gbóyèga sáré gbé omi wá nítorí oòrùn ti wọ̀. Ó yẹ kí ọkàn mi fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń kúnlẹ̀ nínú omi tútù, ẹni tó dá ọ̀ràn wà lókè téńté, ó ń pàṣẹ òdòdó.

Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Mò ń bú àwọn Ará Òkè láti ìgbà tí mo ti délé. Bọ́lájí ní, “Lọlá, ìkíni yìí, ṣé dandan ni kó gba ọ̀dọ̀ wọn?” Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Nọ́ńbà tí ìjọ wa fi ń ṣe àdúrà ìdájí ni, prayer line tí gbogbo ìyá àgbà láti Whitby dé Brampton mọ̀ lórí. Kò sẹ́ni tó ń lò ó ní alẹ́ Sátidé.

Mo pe Uncle. Wọ́n ní, “Ẹ fẹ́ kó èmi Gàfárù wọ prayer line àwọn ọmọ Jésù?” Ẹ̀rín wọn àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Sátidé, 14 Oṣù Kẹta

Ìdá kìíní parí, wọ́n pa máíkì wa. A dìde. A lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta mínírà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà náà. Àwọn díẹ̀ tí mo ti sọ fún ti wà níbẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn. Uncle kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Gbóyèga, Uncle ní, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè,” gbogbo ìlà sì ṣe àmín.

Sátidé, 28 Oṣù Kẹta

Ìlà kún. Wọ́n ń pe ara wọn wọlé. Ìyá kan láti Oshawa ní bí àwọn bá ti rí àmì tẹ́tẹ́ náà báyìí, àwọn á pa áàpù, àwọn á gbé fóònù. Ẹ wo àwọn tí wọ́n ń pè ní loyal audience!

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹrin

Dayọ̀ pè, ohùn rẹ̀ ti há. “Auntie, first intermission, the Yoruba stream goes to zero. Zero! Then everybody comes back. The sponsor is asking me questions.”

Mo ní, “Wọ́n ń lọ kí ara wọn ni.”

Ó wá ní àwọn Ará Òkè ti gbọ́ nípa prayer line, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè rà á.

Mo gé fóònù. Mo dúró nínú kíláàsì òfìfo, mò ń bú èèyàn ní èdè tí pátákó ìkọ̀wé ò gbọ́.

Sátidé, 11 Oṣù Kẹrin

Eré tó kẹ́yìn. Àwọn oní-tẹ́tẹ́ ti kó owó wọn lọ, àwọn Ará Òkè sì ti ní kò ní sí Yorùbá mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. A jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n gba gbogbo Sátidé. Èyí ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn àga yẹn. Mo fẹ́ràn kí n máa pariwo góòlù.

Uncle pe góòlù tó kẹ́yìn títí ohùn fi há. Lẹ́yìn náà wọ́n fi aṣọ nu máíkì wọn kí wọ́n tó dìde. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ dè.

Sátidé, 18 Oṣù Kẹrin

Kò sí họ́kì fún wa lónìí, kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi máa pè. Mo kàn ṣí ìlà náà láti ilé ìdáná mi nígbà tí àkókò tó, wọ́n sì ti ń wọlé. Uncle wọlé láti Woodbridge, Gbóyèga wọlé. Ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ iye tí iṣu ń lọ ní Brampton. A bẹ̀rẹ̀ sí í kí.

Ohùn ọmọkùnrin kan bọ́ sí i. “Ẹ káalẹ́ o. Please, ẹ bá mi kí mọ́mì mi. She’s in hospital, ní Scarborough. She listens to this every week. She asked me to call.”

Mo mọ ohùn náà, Uncle náà mọ̀ ọ́n, mo sì gbọ́ tí Gbóyèga mí kanlẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí ibi tí mo lè tẹ̀ kí ó jáde. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ gan-an.

Uncle ní, “Kí lorúkọ wọn?”

“Ọlárónkẹ́, sir.”

Uncle ní, “Lọlá, ìwọ lo kàn.”

Ìyá Dayọ̀ ni à bá pè wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí orúkọ yẹn jáde lẹ́nu mi. Mo ní, “Auntie Ọlárónkẹ́ ní Scarborough, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ara yín á yá. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín rìn jáde níbẹ̀. Gbogbo wa ń kí yín.” Wọ́n ṣe àmín. Mo gbọ́ ti Gbóyèga nínú rẹ̀.

Ọmọ náà ní, “Thank you, Auntie.” Ó tún ní, “Auntie? Ẹ káalẹ́, ma.”

Mo pe orúkọ tó kàn. Ìyá rẹ̀ ni mo kí, kì í ṣe òun.